Ẹ́ńjìnnì Jẹ́ Àlejò: Bí A Ṣe Ń Jí Land Rover Àtijọ́ Dìde Nílé

Ní agbègbè wa yìí, láti Ìpetumodù títí kan Moro, Yakoyo àti Ẹdúnàbọ̀n, ẹ lè rí Land Rover àtijọ́ tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ igi máńgòrò. Adìyẹ ń yé sórí àga rẹ̀, koríko ti bo táyà mọ́lẹ̀, gíláàsì kan ti fọ́. Ẹni tó fi ń kó kòkó jáde láti oko lè ti filẹ̀ bora tipẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ á dúró níwájú rẹ̀, á fi ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á ní, "Ẹ́ńjìnnì wo la lè jù sínú èyí kó tún rìn?"

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn, torí ìfẹ́ ló bí i. Ṣùgbọ́n ó ti fo àwọn ìbéèrè mìíràn tó yẹ kó ṣáájú, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń ṣòfò. Ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì kó tó yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, páànù ló rà kó tó mọ̀ bóyá ògiri ilé rẹ̀ lè gbé òrùlé.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí à ń pe orúkọ kan

Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a máa ń kó pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà "àtúnṣe". Èkíní ni ká tú ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ palẹ̀, ká gbẹ́ sílíńdà rẹ̀, ká pààrọ̀ písítìn, ríìǹgì àti bíárìn, ká tún un dì. Òun ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní ọ́fáhọ́ọ̀lù. Èkejì ni ká yọ ẹ́ńjìnnì náà kúrò pátápátá, ká fi ti ọkọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ká jí odidi ọkọ̀ dìde: ṣásí, bíréèkì, sípíríǹgì, wáyà, àga, ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní èkejì ni òun fẹ́ ṣe, inú ẹ̀kẹta ló máa ń bá ara rẹ̀ láìmúra sílẹ̀, torí ọkọ̀ tó ti jókòó fún ogún ọdún kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń ṣe é.

Ibi tí ọkọ̀ yìí ti wá

Bí a bá mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe Land Rover bí wọ́n ṣe ṣe é, ìdajì iṣẹ́ ti yé wa. Ní ọdún 1947, Maurice Wilks, olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń lo Jeep kan tó ti sin ogun tán nínú oko rẹ̀ ní Anglesey, ní Wales. Jeep náà ń gbó, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn lọ́jà tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wilks pinnu pé Rover fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ọ̀kan. Wọ́n gbé e jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam ní 30 oṣù kẹrin ọdún 1948. Irin ṣọ̀wọ́n nígbà náà nítorí ogun, ìjọba ló ń wọ̀n ọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe ara ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì fi irin sí ibi tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ṣásí.

Series II tẹ̀ lé e ní 1958, IIA ní 1961, Series III sì jáde ní 1971, wọ́n ń ṣe é títí di 1985. Nílẹ̀ wa, ọlọ́pàá, ṣọ́jà, àwọn elétò ìlera àti àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fi ń wọ ibi tí ọ̀dà kò dé. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn ń to Land Rover pọ̀ níbí. Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá ti lo ọkọ̀ gbó, wọ́n á fi í sí ọ́ńṣọ̀n, àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò á sì rà á. Ọ̀nà yẹn ni púpọ̀ nínú àwọn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé lónìí gbà délé.

"Land Rover kì í dípẹtà"

Gbólóhùn yìí ti ba ọkọ̀ jẹ́ ju ìjàǹbá lọ. Òótọ́ ni pé alumíníọ́mù kì í dípẹtà bí irin. Ṣùgbọ́n níbi tí alumíníọ́mù àti irin bá ti fara kan ara wọn, tí omi sì wà láàárín wọn, iná mànàmáná kékeré kan máa ń sàn láàárín wọn bíi ti inú bátìrì, alumíníọ́mù ló sì máa ń jẹ. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun lẹ́bàá àwọn bóòtù ilẹ̀kùn àti ní ìsàlẹ̀ ìgbá ọkọ̀. Bó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ti ṣásí ló burú jù. Bí àpótí gígùn tó ṣófo nínú ni wọ́n ṣe é, irin pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n jó pọ̀. Ẹrẹ̀ pupa ojú ọ̀nà oko á gba ihò wọlé, omi òjò á dúró sínú rẹ̀, ìdípẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ láti inú wá síta. Lójú, ọ̀dà ṣì ń dán. Nínú, irin ti di bébà. Irin tó dábùú ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, tẹ̀ lé e ni àwọn apá irin tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ láti gbé ara ọkọ̀, àti ibi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ṣásí.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ní ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìpetumodù, ìlú tí a mọ àwọn ìyá wa mọ́ ìkòkò mímọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́wọ́ amọ̀kòkò á gbé e dání, á fi ìka kàn án. Bó bá dún gbandan, ó pé. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán níbì kan bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ṣásí. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn, ní ìsàlẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́. Irin tó lera á dáhùn. Irin tó ti jẹrà á dún gbù, òòlù á sì fẹ́ wọlé.

Ibi tó bá dún gbù, kí wẹ́dà gé e kúrò títí yóò fi kan irin tó mọ́, kí ó sì fi irin tí nínípọn rẹ̀ kò dín sí ti àkọ́kọ́ jó o. Nǹkan bíi mílímítà 2 ni ti àkọ́kọ́. Kí ó má ṣe lẹ irin tuntun mọ́ orí ìdípẹtà bí ẹní lẹ aṣọ. Kó tó jó o, kí ó fi òpó irin gbé ṣásí ró kó má baà tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn wọn ọ́n láti igun iwájú ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn òsì, kí ẹ tún wọn igun kejì, bí bíríkìlà ṣe ń wọn ìpìlẹ̀ ilé. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ọkọ̀ náà á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ayé, ẹ́ńjìnnì yòówù tó bá gbé.

Ṣé ẹ́ńjìnnì náà ti kú lóòótọ́?

Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tó wọ́pọ̀ jù nínú Series II dé III jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin, 2,286 sí-sí. Nǹkan bí agbára ẹṣin 70 ló ní. Kì í sáré, ṣùgbọ́n láti ìyípo kékeré ló ti ń fà, bí alárù tó mọ bí a ti ń gbẹ́rù gun òkè. Ẹ́ńjìnnì tó ti gan nítorí ìjókòó pẹ́ kò tíì kú. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó fi sípánà yí i jẹ́jẹ́ láti iwájú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yí. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ mìíràn fà á lójijì kó lè "jí" ló máa ń ṣẹ́ ríìǹgì rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í ka sí. Epo tó ní òjé nínú ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fún, òjé náà ló sì ń dáàbò bo ibi tí fáàfù ń jókòó lé. Ní ìpàdé Dakar ní 2001, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà tó wà níhà gúúsù Sàhárà fẹnu kò láti fòpin sí epo olójé, nígbà tí ọdún 2006 sì fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti parí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tó ń ṣe ọ́fáhọ́ọ̀lù gbàgbé láti ní kí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, gbẹ́ ìjókòó fáàfù àtijọ́ kúrò lórí tọ́ọ̀pù sílíńdà, kó fi èyí tó le sí i. Láìṣe èyí, fáàfù á máa rì wọlé díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á máa pàdánù agbára, wọn á ní ọ́fáhọ́ọ̀lù náà kò dáa.

Kí wá ni ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti yí i padà? Méjì ni mo gbà. Àkọ́kọ́ ni pé bírọ́ọ̀kì ti là, tàbí sílíńdà ti jẹ kọjá ohun tí tọ́nà lè gbẹ́. Èkejì ni owó epo. Ẹ́ńjìnnì yìí lè mu lítà 16 sí 18 nínú kìlómítà 100, láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré mọ́ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ oko lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú nìkan ni yóò máa gbé e jáde, owó tó máa fi yí ẹ́ńjìnnì padà lè ra epo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jókòó ṣírò rẹ̀.

Yíyan àlejò

Ohun tó tóbi kọ́ ló dára jù. Gíábọ́ọ̀sì àti áàsù Land Rover ni onílé, agbára ẹṣin 70 ni wọ́n ti ń bá gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣáàfù inú áàsù ẹ̀yìn ni gbogbo ẹni tó mọ ọkọ̀ yìí mọ̀ sí ibi tó kọ́kọ́ ń ṣẹ́. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì ńlá wá, òun kọ́ ló máa jìyà, onílé ni.

Ohun kejì ni ìyípo. Wọ́n to gíà Land Rover kó lè fà, kì í ṣe kó lè sáré. Lórí táyà 7.50-16, bó bá ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì ti ń yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì dísù tí kò fẹ́ ju 4,000 lọ síbẹ̀, kìlómítà 100 ti fẹ́ kọjá agbára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó rò pé ẹ́ńjìnnì tuntun á sọ Land Rover di ọkọ̀ títì márosẹ̀ Ìbàdàn ń tan ara rẹ̀ jẹ, àyàfi tó bá yí gíà inú dífù padà pẹ̀lú. Bíréèkì náà ńkọ́? Dúrọ́ọ̀mù ni gbogbo rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ́ńjìnnì tuntun kò kọ́ bíréèkì àtijọ́ bí a ti í dúró.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ràn jù ni dísù 200Tdi, 2,495 sí-sí, tó kọ́kọ́ wọ inú Discovery ní 1989, torí pé ó jẹ́ ẹbí ẹ́ńjìnnì Land Rover àtijọ́, ó sì lè so mọ́ gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ pẹ̀lú àyípadà díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí páàtì rẹ̀ wà nítòsí ló yẹ kó borí. Ẹ́ńjìnnì Peugeot 504, 1,971 sí-sí, ti fìgbà kan jẹ́ ti gbogbo ayé nítorí ilé-iṣẹ́ Peugeot tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìwọ̀n 45, èyí sì máa ń fún àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì síítì, ìyẹn irin tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé, níṣẹ́. Lónìí, èmi á yan ti Toyota: 22R tó jẹ́ pẹtiróòlù, 2,366 sí-sí, tàbí 2L tó jẹ́ dísù, 2,446 sí-sí. Mẹ́káníìkì tó mọ̀ ọ́n wà ní gbogbo ìlú, páàtì rẹ̀ sì wà ní Gate n'Ìbàdàn àti ní Ládípọ̀ l'Ékòó.

Bí ẹ bá lọ ra tòkúnbọ̀, ẹ má gba pé "ó ń ṣiṣẹ́" láìsí ẹ̀rí. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ohun tó dà bí ẹ̀kọ bá wà lábẹ́ rẹ̀, omi ti bá ọ́ìlì pàdé, ẹ máa lọ. Ẹ fi géèjì wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sún mọ́ ara wọn. Ẹ gba fláíwíìlì, átánétọ̀ àti gbogbo wáyà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, torí pé rírà wọn lọ́tọ̀ lẹ́yìn náà máa ń gbówó lórí.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an

Orí ẹ́ńjìnnì Toyota kò bá ẹnu gíábọ́ọ̀sì Land Rover mu. Àwọn ihò bóòtù wọn yàtọ̀. Nítorí náà, tọ́nà á ṣe irin pẹlẹbẹ tó nípọn, tí ihò ẹ́ńjìnnì wà ní ojú kan rẹ̀, tí ti gíábọ́ọ̀sì wà ní ojú kejì. Irin yìí ni alárinà. Bí alárinà bá wọ́, ìgbéyàwó bàjẹ́.

Kíráńkì ẹ́ńjìnnì àti ṣáàfù tó ti inú gíábọ́ọ̀sì jáde gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Mílímítà kan péré tó bá yẹ̀, ó ti pọ̀ jù: kúlọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n, bíárìn iwájú gíábọ́ọ̀sì á sì jẹ láàárín oṣù díẹ̀. Ojú lásán kò lè wọn èyí. Tọ́nà gbọ́dọ̀ fi géèjì tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń yí wọn ọ́n kó tó gbẹ́ ihò tó kẹ́yìn. Búùṣì tí orí ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì ń wọ̀ lẹ́yìn kíráńkì náà ní láti jẹ́ ṣíṣe tuntun, torí pé ìwọ̀n méjèèjì kì í bára mu. Ní ti kúlọ́ọ̀ṣì, ẹ lo ìdérí tó bá fláíwíìlì mu, àti àwo tí eyín àárín rẹ̀ bá ṣáàfù Land Rover mu. Àìmọ èyí ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn yọ gíábọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí wẹ́dà tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì síítì, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì náà rọ̀ síbẹ̀ ná. Ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Dífù iwájú Land Rover wà ní apá ọ̀tún, kò sí ní àárín. Bí sọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì bá jìn níwájú, áàsù á gbá a nígbà tí táyà bá bọ́ sínú kòtò. Ẹ wò ó bóyá kọ́lọ́ọ̀mù sítíà kò ní fara kan ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì, àti bóyá fáànì kò ní jẹ ráídétọ̀. Ìgbà tí gbogbo èyí bá tẹ́ yín lọ́rùn ni kí wẹ́dà fi iná tó díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kó jó o tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí rọ́bà síítì, torí irin tó bá jókòó lórí irin á gbọn gbogbo ọkọ̀ túká.

Tẹmosítáàtì àti bátìrì

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á bá àwọn kan jà. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ló máa ń yọ tẹmosítáàtì sọnù, wọ́n á ní ti àwọn òyìnbó tí òtútù ń mú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ni tẹmosítáàtì. Ó máa ń tì nígbà tí omi ṣì tutù, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, á sì ṣí nígbà tí omi bá gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, 82 lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in á máa tutù ju bó ti yẹ lọ, á máa mu epo sí i, sílíńdà rẹ̀ á sì máa jẹ kíákíá. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, ẹ wá ìdí rẹ̀ sí ráídétọ̀ tó ti dí, fáànì tó jìnnà sí ráídétọ̀, tàbí gáásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó.

Bátìrì ní ọ̀ràn tirẹ̀. Nínú àwọn Land Rover tó ṣáájú nǹkan bí 1967, ojú pọ́sítíífù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, òdìkejì ohun tí a ń ṣe báyìí. Ẹni tó so átánétọ̀ Toyota mọ́ ọn láìyí i padà á jó átánétọ̀ náà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ sọ ọ́ fún rìwáyà kó tó dé ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó fa wáyà tuntun látòkè délẹ̀. Aṣọ tó bo wáyà àtijọ́ ti gbẹ, iná lásán ló ń dúró dè.

Nítorí pé ilé ni

Ẹ́ńjìnnì Land Rover wúwo tó nǹkan bí 200 kílò. Ẹ̀ka igi máńgòrò kì í ṣe ibi tí a ń so séènì bulọ́ọ̀kì mọ́, bó ti wù kó nípọn tó. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wẹ́dà jó ló yẹ. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e.

Táńkì epo Land Rover kúkurú wà lábẹ́ àga iwájú, lẹ́bàá ṣásí gan-an. Wọ́n máa ń sọ pé "táńkì ti gbẹ, kò séwu". Táńkì tó gbẹ léwu ju èyí tó kún lọ, torí pé ooru epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàù, kì í ṣe epo fúnra rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé e jìnnà kí wẹ́dà tó tan iná. Ẹ má sì fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì àtijọ́ dànù. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú bíréèkì ìgbà náà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi rẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sin àkísà náà.

Ìwé ọkọ̀ náà kì í dúró de ọ̀la. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣásí ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà ṣásí sára irin tí sípíríǹgì iwájú ọ̀tún so mọ́, kí wẹ́dà má gé e dànù láìmọ̀. Ẹ gba ìwé ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí wọ́n yí àkọsílẹ̀ padà kí ọkọ̀ tó jáde. Bí ọ̀dà ṣọ́jà bá wà lára rẹ̀, ẹ kùn ún ní àwọ̀ mìíràn.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde

Ẹ gbé e lọ sí ọ̀nà oko, kì í ṣe títì. Nínú ọkọ̀ yìí, ọ̀pá olórí pupa ló ń mú un bọ́ sí gíà tó rẹlẹ̀ jù, èyí olórí yẹ́lò sì ń so táyà iwájú mọ́ iṣẹ́. Ẹ fa ti pupa, kí ẹ jẹ́ kó rìn bí ìgbín lórí ẹrẹ̀, kí ẹlòmíràn máa tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, kó máa gbọ́ bóyá ohun kan ń kan ohun kan lábẹ́. Bí ẹ bá padà dé orí ọ̀dà, ẹ yọ méjèèjì kúrò. Kò sí dífù láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ilẹ̀ tó le kì í sì jẹ́ kí táyà yọ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń fà lórí ọ̀dà, wọ́n á máa lọ́ ara wọn mọ́ra títí nǹkan yóò fi já nínú gíábọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn kìlómítà 200, ẹ tún bóòtù alárinà àti ti ẹ́ńjìnnì síítì dì, ẹ yẹ ọ́ìlì wò, kí ẹ tún mú òòlù yẹn, kí ẹ kan ibi tí wẹ́dà jó.